Ẹ Kú Òtútù, Alága

Oríṣiríṣi nǹkan ló ń gun èèyàn. Ẹlòmíràn, owó ló ń gùn ún. Ẹlòmíràn, ìwé tó kà. Ẹlòmíràn, ọtí lásán. Gabriel Ládépọ̀, Alága Ẹgbẹ́ Onílé àti Ayálégbé ní Òpópónà Ìfẹ́lódùn, lẹ́yìn Ìbà, fírísà ló gùn ún. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ ká dé pálọ̀ ná.

Kí fírísà tó dé, alága bí alága ni. Ọ̀gá kékeré ni ní ọ́fíìsì ìjọba kan, níbi tó ti ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé tí ẹlòmíràn ti kà. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, yóò bọ́ táì, yóò wá máa ṣèjọba lórí àwọn ará òpópónà: ta ló da omi ọṣẹ sójú títì, ewúrẹ́ ta ló jẹ ẹ̀fọ́ ta. Iṣẹ́ tó wúlò ni, kò sẹ́ni tó ń bú u. Àfi ìgbà tó di ọdún 1988, tí àkọ́rọ̀ òjò ń tu ilẹ̀ lára, ló lọ sí Alábà, ló ra fírísà ńlá kan, funfun báláú, tó gùn bí pósí olówó.

Wọ́n gbé e sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Dírẹ́bà ní kí Alága wá jókòó níwájú, ó kọ̀. Ẹ̀yìn ló dúró sí, ó gbá fírísà mọ́ra bí ọkọ ìyàwó, ó ń juwọ́ sí ará ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé Òkòkòmáìkò, àwọn kan rò pé òkú ló ń gbé lọ sin, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ní Ọlọ́run á tù ú nínú. Alága dá wọn lóhùn pé wọ́n ṣeun, ó ń retí ìkíni lọ́jọ́ náà ni, kò bìkítà irú èyí tó bá rí.

Nígbà tí wọ́n délé, fírísà kò gba ẹnu ọ̀nà. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn. Rachael ìyàwó rẹ̀, tíṣà ni, obìnrin Èkìtì tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní kí wọ́n gbé e sí kíṣìnì.

“Kíṣìnì kẹ̀?” Ládépọ̀ wí. “Ṣé kíṣìnì la ti ń gbàlejò ni?”

Pálọ̀ ni wọ́n gbé e sí. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé òun gan-an ni bàálé.

Alága pe gbogbo ará òpópónà jọ. Ó gorí àga, ó wúkọ́, ó ní: “Ẹ̀yin èèyàn mi, inú òkùnkùn la wà tẹ́lẹ̀. Ọbẹ̀ yín ń kan, ẹran yín ń rà, ẹ sì gbà pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé láti òní lọ, òtútù ti wọ Òpópónà Ìfẹ́lódùn. Kì í ṣe òtútù tó ń mú ọmọ ọwọ́ o. Òtútù ìlọsíwájú ni. Ẹni tó bá ní ọbẹ̀ tó kù, kó gbé e wá. Ẹni tó bá ní ẹran, kó gbé e wá. Èmi Ládépọ̀, mo ní àyè fún yín.”

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, nítorí ọbẹ̀ wọn ń kan lóòótọ́. Àkànní ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Dírẹ́bà lọ́rì tó ti fẹ̀yìn tì ni Àkànní, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ara rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n kọ. Kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fẹ́ni tó ra fírísà, ló bá sọ èyí tó bọ́ sí i lẹ́nu.

“Ẹ kú òtútù, sà.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ládépọ̀ létí bí oyin, ó dùn mọ́ ọn dé ìgbáròkó. Ẹ wò ó, ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí: Yorùbá ní ìkíni fẹ́ni tó jókòó, wọ́n ní fẹ́ni tó dúró, wọ́n ní fẹ́ni tí òjò pa àti ẹni tó ń dirun lọ́wọ́. Àwọn baba wa kò ṣe ọ̀kan sílẹ̀ fẹ́ni tó ra fírísà. Àṣìṣe ńlá ni, Alága sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá wọ ilé òun kò gbọdọ̀ kí òun ní ẹ kú àárọ̀ tàbí ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mọ́. Ẹ kú òtútù ni. Kí obìnrin kúnlẹ̀ sí i, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n sì kọjú sí fírísà díẹ̀.

Ó wá ku aṣọ. Láyé ìgbà náà, kò sí rédíò tàbí tẹlifíṣàn gidi tí í wà níhòòhò. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi aṣọ bò ó lórí. Ládépọ̀ lọ bá télọ̀ kan ní Àjáǹgbàdì, ó ní kó fi òwú pupa kọ orúkọ òun àti oyè òun sára aṣọ léèsì funfun: “Olóyè G. A. Ládépọ̀, Alága, Bàbá Ẹgbẹ́ Akọrin, Alátìlẹyìn Àwọn Opó, Ẹni Tí Òtútù Ń Gbọ́ Tirẹ̀.” Léèsì tán, oyè kò tán. Télọ̀ fi òmíràn lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n tẹ́ aṣọ náà sórí fírísà, ó wọ́ wálẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, fáànù sì ń ká a kò. Ni Alága bá ní kí wọ́n ki etí rẹ̀ bọ ẹnu fírísà, kí ìdérí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí atẹ́gùn má baà ká orúkọ òun mọ́.

Rachael wò ó. “Bàbá Yétúndé, aṣọ yìí kò jẹ́ kí ìdérí pàdé. Rọ́bà etí rẹ̀ kò kanra mọ́. Atẹ́gùn ń wọlé, yóò sì di yìnyín.”

“Ṣé kì í ṣe nítorí yìnyín la ṣe rà á ni?”

“Nítorí òtútù ni.”

“Ìyá Yétúndé,” Ládépọ̀ wí, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń ṣàánú aláìmọ̀kan, “orúkọ mi kò há ẹnu ẹnikẹ́ni rí.”

Rachael bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. A ti wí pé kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Alága yí bọ́tìnnì òtútù títí ó fi dé òpin, nítorí kò rí ìdí tí ohun tó jẹ́ tirẹ̀ fi máa dúró ní àárín. Àwọn èèyàn ń gbé ọbẹ̀ wá tààrà láti orí iná, oru ṣì ń jáde lára rẹ̀, ó ń gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín. Bí àlejò bá yà, yóò ṣí ìdérí hàn án, ìdérí á sì wà ní ṣíṣí títí yóò fi ròyìn Alábà tán, òun pẹ̀lú píkọ́ọ̀pù, òun pẹ̀lú àwọn tó ṣí fìlà fún un ní Òkòkòmáìkò. Bí àlejò náà bá lọ, òmíràn á dé. Kí òjò tó dáwọ́ dúró, yìnyín ti bo ara ògiri inú fírísà bí ewú orí àgbà.

Lọ́jọ́ kan Àkànní ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fi wọn yìnyín náà. “Sà, ó ti nípọn tó àtẹ́lẹwọ́ mi o. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan tí mo já ẹrù sí nígbà kan, tiwọn kò ju ìka lọ.”

Ládépọ̀ gbọ́. Ó wọ yàrá, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá, ìka kan. Òun, àtẹ́lẹwọ́. Kí lẹ rò pé ó kù? Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ó ṣòfin pé kò sí ilé kankan ní Òpópónà Ìfẹ́lódùn tó gbọdọ̀ ní yìnyín tó nípọn ju ti Alága lọ. Ó ní kí Àkànní máa lọ káàkiri, kó máa yẹ ẹnu fíríìjì wò.

Ilé Májẹ́kódùnmí ni Àkànní kọ́kọ́ yà, olùkọ́ yunifásítì kan láti Oǹdó tó háyà ilé lópin títì.

“Tíṣà, wọ́n ní kí n wá wo yìnyín yín.”

“Mi ò ní.”

“Ẹ ò ní? Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?”

“Mo yọ ọ́ ní Sátidé. Ó dẹ̀ ń tutù dáadáa. Ẹ wá mu omi ẹ wò.”

Àkànní mu omi náà, eyín ta á. Ó padà lọ jábọ̀. “Sà, inú ẹ̀ mọ́ bí abọ́ tí ajá lá.”

“Ìṣẹ́ ń ṣẹ́ ẹ,” Alága wí. “Ẹ máa ṣàánú rẹ̀.”

Ká sòótọ́, gbogbo ará òpópónà ló mọ bí wọ́n ṣe ń yọ yìnyín. Kò ní awo nínú. Wọn á kó oúnjẹ inú rẹ̀ jáde, wọn á fi bébà àti aṣọ wé e. Wọn á pa iná, wọn á ṣí ìdérí sílẹ̀, wọn á gbé abọ́ omi gbígbóná sínú rẹ̀ kí oru máa bá yìnyín sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọn á fi àkísà fa omi tó bá yọ́, wọn á nù ún gbẹ, kí wọ́n tó tan iná padà. Ẹni tí kò bá ní sùúrù, kó jókòó sórí ọwọ́ rẹ̀, nítorí ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ wọ ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń wí pé ẹ kú òtútù.

Ìyá Ṣadé ni kò lè kúnlẹ̀ títí lọ. Florence lorúkọ rẹ̀, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, òun ló ń ṣe akápò ẹgbẹ́, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ rí pé ó purọ́. Àbúrò rẹ̀ láti Ìmẹ̀kọ gbé odindi òyà kan fún un. Ó gé e, ó kó o sínú abọ́ tánganran aláwọ̀ búlúù kan tí òdòdó pupa wà lórí ìdérí rẹ̀, ó gbé e fún Alága kó bá òun tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí ìyá ọkọ òun yóò fi ti Abẹ́òkúta dé. Ìyá ọkọ dé. Florence wá gba abọ́.

Alága ṣí ìdérí, ó bojú wò ó. Yìnyín ni lókè, yìnyín ni nísàlẹ̀. “Kò sí abọ́ búlúù níbí.”

“Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín gbà á, sà. Mo tilẹ̀ kí yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ní ti àkọ́kọ́ kò dún.”

“Ṣé olè wá ni mí, Ìyá Ṣadé?”

“Èmi ò wí bẹ́ẹ̀. Mo ní abẹ́ yìnyín ló máa wà. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́, ká wò ó. Màá bá yín gbé omi gbígbóná.”

Ládépọ̀ wo yìnyín rẹ̀. Nínú ọkàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó mọ̀ pé òun gba nǹkan búlúù kan lọ́wọ́ obìnrin yìí rí. Ṣùgbọ́n ó tún rí fírísà náà ní gbígbẹ, ó rí i tó mọ́ bí abọ́ tí ajá lá, ó rí ara rẹ̀ tó jókòó tì í bí Májẹ́kódùnmí, tí kò sẹ́ni tó ń kí i. Ìpàdé ló pè.

“Ẹnì kan nínú wa,” ó wí, “ń béèrè abọ́ tí kò gbé wá, ó sì fẹ́ gba ohun tí kò fi sílẹ̀. Ó ní ká yọ yìnyín. Ṣé wọ́n ń fá irùngbọ̀n ọba wò bóyá ẹyẹ sùn síbẹ̀ ni? Obìnrin tí kò lè ṣọ́ abọ́, báwo ló ṣe fẹ́ ṣọ́ àpò wa?”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gba ipò akápò lọ́wọ́ Florence. Kò jà, kò sunkún. Ó kúnlẹ̀, ó ní: “Ohun tó wà lábẹ́ yìnyín kò sọnù, sà.” Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá ń kọjá lọ, àwọn aláwàdà á bi í pé abọ́ dà. Ìyá ọkọ rẹ̀ padà sí Abẹ́òkúta láìjẹ òyà, ó sì gbé ìròyìn irọ́ lọ́wọ́. Nínú ìjọ wọn, wọn kò jẹ́ kó di apẹ̀rẹ̀ ọrẹ mú mọ́. Orúkọ rere tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́, ó dì sínú fírísà ẹlòmíràn.

Kérésì ń bọ̀. Ẹgbẹ́ pinnu pé ọjọ́ kejì Kérésì làwọn máa jẹun pọ̀, ọjọ́ náà sì ni wọn yóò fi Ládépọ̀ joyè Alága Títí Láé. Àkànní ló dá a lábàá. Ládépọ̀ ló kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Wọ́n kó páálí ẹja wá kí Alága tọ́jú rẹ̀. Alága ṣí fírísà. Àyè tó kù nínú rẹ̀ kò gbà ju ẹja kan tó ń ṣàìsàn lọ.

Kí ni kó ṣe? Bó bá yọ yìnyín, Ìyá Ṣadé borí. Bí kò bá yọ ọ́, ẹja á rà, oyè á bá a rà. Ó dúró títí Rachael fi lọ sí ìdánrawò akọrin lọ́sàn-án, ó wá mú ọ̀bẹ ńlá tí wọ́n fi ń ṣá egungun, ó mú òòlù. Ó ní òun kò ní yọ yìnyín, òun á kàn gé e kù díẹ̀ ni.

Ó kàn án, kó. Yìnyín fò, ó bà á níwájú orí. Ó kàn án, kó. Àyè là díẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọrin, ó kó gbogbo agbára ọ́fíìsì ìjọba sọ́wọ́, ó tún kàn án.

Ṣíìììì.

Ó dún bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù mọ́lẹ̀. Ọ̀bẹ ti lu páìpù inú ògiri fírísà, gáàsì ń jáde. Ládépọ̀ fi àtàǹpàkò dí i. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde. Ibẹ̀ ni Àkànní ti wọlé bá a, tó tẹ̀ ba sínú fírísà, bàtà rẹ̀ ń jù lókè.

“Ẹ kú òtútù, sà.”

“O ṣé, Àkànní.”

“Kí ló ń dún bẹ́ẹ̀ yẹn, sà?”

“Fírísà ló ń kí mi.”

Àkànní tẹ́tí sí i. Láti ìgbà tó ti ń wa lọ́rì, kò sí ọ̀nà tí táyà kò jò fún un rí, ó mọ ohùn ohun tí ẹ̀mí ń bọ́ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún mọ ẹni tó fi òun ṣe akọ̀wé.

“Ó mọ̀wàá hù, sà,” ó wí, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Alága lẹ ṣingọ́ọ̀mù mọ́ ojú ihò náà. Ó ki gbogbo ẹja bọ àyè tó là, ó tẹ́ aṣọ léèsì lé e, ó tì í pa ní kọ́kọ́rọ́. Ó kéde pé fírísà ti wọ ìsinmi Kérésì, kò gbàlejò. Nígbàkígbà tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fetí lé e. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kí ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà. Ọyẹ́ kò ráyè tirẹ̀.

Ọjọ́ kejì Kérésì pé. Wọ́n to àga síwájú ilé. Aṣọ àrán ni Alága wọ̀, ó ń làágùn bí ẹni tó gbé ìrókò. Gbogbo ohun tó fẹ́ ni kí wọ́n fi òun joyè ná, kí ọ̀rọ̀ ẹja tó dé. Ló bá ń yára sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló mú òtútù wá?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

“Ta ni òkè yìnyín tí ẹ fẹ̀yìn tì?”

Kí wọ́n tó dáhùn, omi yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn pálọ̀. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó gba àárín ẹsẹ̀ Alága kọjá, ó ń lọ bá àwọn èèyàn bí ẹni tí wọ́n pè sípàdé.

“Sà,” Àkànní wí, “omi.”

“Omi ìbùkún ni. Mo ní ta ni òkè yìnyín...”

Òórùn wá tẹ̀ lé omi. Ológbò kan yọ lórí ògiri, òmíràn yọ, kò pẹ́ tí gbogbo ológbò Ìbà fi jókòó síbẹ̀ bí àwọn aṣojú ìjọba. Àwọn èèyàn ń fọwọ́ bo imú, wọ́n sì ń gbìyànjú láti fọwọ́ kan náà pàtẹ́wọ́.

Rachael dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó tú kọ́kọ́rọ́ kan tí ọkọ rẹ̀ kò mọ̀ pé ó wà kúrò ní etí ìró. “Ìyá Ṣadé, ẹ wá ṣí i.”

Ládépọ̀ sáré wọlé, ó na ọwọ́ méjèèjì dí fírísà. Ṣùgbọ́n omi ti mú ilẹ̀ yọ̀. Alága Títí Láé yọ̀, ó fìdí jókòó, àrán rẹ̀ mu omi yó. Florence gba orí rẹ̀ na ọwọ́, ó ṣí ìdérí.

Omi kún inú rẹ̀. Yìnyín tó kù kò tó ẹja kan. Ìkòkò ọbẹ̀ tí wọ́n ti gbàgbé ń lé lórí omi; ọbẹ̀ inú wọn ló ń rùn. Láàárín wọn, ó ń yí poo bí ọkọ̀ ojú omi tó ń wá èbúté, ni abọ́ tánganran búlúù kan wà, òdòdó pupa lórí ìdérí rẹ̀.

Florence gbé abọ́ náà jáde, ó fi etí aṣọ funfun rẹ̀ nù ún. Ó gbé e sójú gbogbo èèyàn láìsí ìbínú, bí ẹni tó ń fi ọmọ hàn. Àwọn tó ti ń bi í pé abọ́ dà bẹ̀rẹ̀ sí wo ìka ẹsẹ̀ wọn.

Láti orí ilẹ̀, Ládépọ̀ béèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. “Ẹja dà?”

“Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Ṣadé,” Rachael dá a lóhùn. “Ọjọ́ tí Àkànní ní fírísà kí yín ni mo kó o jáde. A ti yan án. Bí ẹ bá ń fẹ́, ẹ dìde ká jẹun.”

Májẹ́kódùnmí wá bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìdérí, ó fa etí aṣọ léèsì yọ, ó na án sókè: apá ibi tí wọ́n kọ “Ẹni Tí Òtútù Ń Gbọ́ Tirẹ̀” ti dípẹtà níbi tí ẹnu fírísà ti ń gé e jẹ látọjọ́ tó ti dé. “Aṣọ yìí ló ń ṣílẹ̀kùn fún yìnyín,” ó wí. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ Rachael gan-an, ó ran ẹni tó tẹ̀ lé e, ó jáde síta, ó ran àwọn tí kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àkànní ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní iṣẹ́ tó kàn án. Ó yí ẹ̀yìn sí Ládépọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú omi níwájú Florence. “Ẹ kú ìdúró, Alága.”

“Dìde, Àkànní,” Florence wí. “Lọ bá mi mú àkísà wá.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yan alága tuntun. Wọ́n jẹ ẹja yíyan títí àwọn ológbò fi gba egungun tiwọn. Bí àwọn èèyàn sì ti ń lọ sílé, ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró díẹ̀ níwájú Ládépọ̀, tó jókòó tó ń sá àrán sóòrùn, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní: “Ẹ kú omi o, sà.” Ó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ni kó ṣe? Òun ló kọ́ wọn.

Ọdún yípo. Oníṣẹ́ kan láti Alábà jó páìpù náà pọ̀, ó rọ gáàsì tuntun sí i, fírísà sì lọ sí kíṣìnì níkẹyìn. Bọ́tìnnì rẹ̀ wà ní àárín. Bí yìnyín bá ti fẹ́ tó ìka, Ládépọ̀ á pa iná, á gbé abọ́ omi gbígbóná sínú rẹ̀, á jókòó tì í lórí àpótí, ọ̀bẹ kan kì í sí nítòsí. Aṣọ léèsì ló fi ń nu omi. Ó dára gan-an fún un, ó ń mu omi. Oyè bẹ́ẹ̀ yẹn kò lè ṣàìmu omi.

Sátidé kan, ó ń nu rọ́bà etí ìdérí lọ́wọ́ nígbà tí Florence wọlé pẹ̀lú abọ́ búlúù rẹ̀. Ó fẹ́ kó bá òun tọ́jú ẹ̀fọ́ díẹ̀.

Ládépọ̀ nu ọwọ́. Kò gba abọ́ náà kíá. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó mi orí.

“Ó ṣì gbóná, Alága,” ó wí. “Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kó tutù ná.”

Florence jókòó. “Mo gbọ́, sà.”